Okùn Aláwọ̀ Ewé

Dókítà Yoana jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń fi àwọ̀ kun àwòrán ọpọlọ Zdravko, aláìsàn rẹ̀, ní okùn kọ̀ọ̀kan. Ó kun okùn ọ̀rọ̀ sísọ ní búlúù, ó kun ti ọwọ́ ní pupa. Aláwọ̀ ewé ló gùn jù: ó so iwájú orí mọ́ ẹ̀yìn, òun ló ń mú kí èèyàn dìde ṣe nǹkan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni kókó tí wọ́n fẹ́ yọ hù sí.

“Ó jọ wáyà iná,” ni Zdravko wí. Lífìtì ló ń tún ṣe káàkiri Plovdiv. “Dókítà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n já wáyà tí kò ṣẹ̀ wọ́n o.”

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ ò ní sùn nígbà iṣẹ́ abẹ náà, ẹ ó máa to káàdì tí mo bá fún yín. Bẹ́ ẹ bá ti ń ṣì wọ́n tò, ọ̀gá á dá ọ̀bẹ dúró.”

“Ẹ fún mi ní ọtí rakia díẹ̀, mi ò ní sùn títí di Àjíǹde.”

Nígbà tí wọ́n ṣí agbárí rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń dárúkọ àwòrán: ológbò, kọ́kọ́rọ́, ife. Ó ń di ẹ̀ṣẹ́, ó ń tú u. Yoana wá kó káàdì síwájú rẹ̀. Ó fi àwọ̀ tò wọ́n, kò ṣì í. Nígbà tí Yoana ní kó yí i padà, kó fi bí àwòrán orí wọn ṣe rí tò wọ́n, ó kàn ń wò wọ́n ni.

“Ọ̀gá, ẹ dúró ná.”

Gavrilov, oníṣẹ́ abẹ, kò gbójú sókè. “Ṣé kò sọ̀rọ̀ mọ́ ni?”

“Ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ti ń kan okùn aláwọ̀ ewé yẹn. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn sinmi, ká tún un dán wò.”

“Yoana, àna igbákejì mínísítà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un pé atún-lífìtì kan ṣì ń ta káàdì lọ́wọ́ ni?”

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.

“Kó nǹkan yẹn kúrò. Mo ti rí etí kókó náà, mo máa yọ ọ́ tán.”

Ó yọ ọ́ tán.

Wọ́n gbé àna igbákejì mínísítà wọlé. Fún tirẹ̀, Gavrilov fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó káàdì wá. Bí ọkùnrin náà ṣe ṣi ẹyọ kan tò, Gavrilov gbé ọ̀bẹ kúrò, ó fi ìyókù kókó náà sílẹ̀ fún oògùn.

Nígbà tí òtútù lọ, Gavrilov fi àwòrán orí Zdravko han àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sofia. Kókó kò ṣẹ́kù rárá. Aláìsàn ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn. Gbogbo wọn dìde pàtẹ́wọ́. Yoana náà pàtẹ́wọ́. Kí oṣù náà tó parí, Gavrilov ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàtẹ́wọ́ yẹn, Stanka, ìyàwó Zdravko, ti ibi iṣẹ́ dé. Kó tó jáde láàárọ̀, ó ti ní kí ọkọ rẹ̀ lọ wẹ̀. Ó bá a nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Ètè rẹ̀ ti dúdú, awọ ìka rẹ̀ ti hunjọ.

“Zdravko! Ṣé omi ò tutù ni?”

“Ó tutù gan-an.”

“Kí ló dé tó ò jáde?”

Zdravko rò ó dáadáa, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè gidi.

“O ò ní kí n jáde.”