Òrùlé Tí Àyìsátù Fi Bọ́ Ikán

Tí ẹ bá rí Àyìsátù lójú ọ̀nà abúlé Kpankou láàárọ̀, tó ru ìkòkò tí nǹkan ń rá bàbà nínú rẹ̀, ẹ má sá. Oúnjẹ àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ ló rù. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á kó pòpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù sínú ìkòkò mélòó kan, á dojú wọn bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán inú oko rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ikán á ti kún wọn. Àádọ́rin òròmọdìyẹ ló ń fi bọ́, àwọn adìyẹ náà ló sì ń bọ́ ọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ràmọ́nù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ni oko tó bá tirẹ̀ pààlà. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Bó bá ti kórè tán, iná ló ń sọ sí pòpórò, á wá máa yangàn kiri. Lọ́dún yìí, bí àgbàdo rẹ̀ ṣe ga dé orúnkún ni ikán bẹ̀rẹ̀ sí í gé e nídìí. Ó gbé bídọ́ọ̀nù, ike ńlá tí oògùn kòkòrò wà nínú rẹ̀, ó di ìdí ọ̀gán Àyìsátù.

"Ìyàwó, ìwọ lò ń bọ́ olè fún wa," ló wí.

"Ọkọ mi, bí ẹ bá da oògùn yẹn síbẹ̀, adìyẹ mi á jẹ òkú ikán, gbogbo wọn á sì kú."

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Séidou, olórí ẹbí. Baba gba bídọ́ọ̀nù, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ó di ìkórè," ni Baba wí. "Bí àgbàdo Àyìsátù bá dúró, ọ̀gán á dúró. Bó bá ṣubú, Ràmọ́nù á da oògùn rẹ̀."

Àyìsátù fọkàn balẹ̀ relé. Ìfọ̀kànbalẹ̀ náà ò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá igi àgbàdo mẹ́ta tirẹ̀ nílẹ̀, ikán ti gé wọn. Ó jókòó sórí ebè.

Ó wò yíká. Kò sí pòpórò kankan nílẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kó wọn tán sínú ìkòkò. Ó wá ro iye tó ti rù. Apẹ̀rẹ̀ pòpórò kan, ikán ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ ni. Ìkòkò ikán tí kò lóǹkà ni òròmọdìyẹ kan sì ń jẹ kó tó di àkùkọ. Gbogbo oòrùn tí àgbàdo fi oṣù mẹ́ta yá, bíńtín ló ń dé inú ọbẹ̀. Ìyókù, ẹnu kọ̀ọ̀kan tó gbà kọjá ti ná an sórí rírìn, mímí àti iṣẹ́ ilé tirẹ̀. Pòpórò tó wà nílẹ̀ lòun sì ti kó tán nítorí adìyẹ, kò ṣẹ́ ku fún ikán inú oko, ni wọ́n fi yíjú sí àgbàdo tútù. Ojú tì í gidigidi.

"Ebi ló ń pa wọ́n," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń rí pòpórò láàárín òjò? Àyìsátù délé, ó gun àkàbà, ó tú koríko òrùlé ilé ìdáná rẹ̀ palẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní opó ń túlé bọ́ ikán. Ó tẹ́ koríko náà sáàárín ebè, ó dín ìkòkò rẹ̀ kù sí méjì, ó sì ń fi agbòjò bo ìkòkò ọbẹ̀ títí òjò fi lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, Bàbá Séidou ń fi ọ̀pá kan igi àgbàdo bó ṣe ń lọ. Lóko Ràmọ́nù, bó ṣe ń kàn án ló ń wó. Lóko Àyìsátù, ọ̀pá Baba ló ń ta padà. Baba rìn dé ìpẹ̀kun, ó padà, ó tún kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọ̀gán dúró," ló wí.

Àyìsátù kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kó tó dìde, ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe lè pa á mọ́ra lọ.

Lẹ́yìn ìkórè, kò sí èéfín lóko Ràmọ́nù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀, pòpórò lórí, òógùn lójú.

"Ìyàwó, níbo ni kí n kó o sí fún àwọn ikán rẹ?"

"Ẹ kó o padà sóko yín, ọkọ mi, kí ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè," ni Àyìsátù wí. "Ikán tiyín náà ò tíì jẹun."

Ràmọ́nù wò ó, ó yí padà tẹrùtẹrù. Àyìsátù sì gbé ìkòkò kan, ó tẹ̀ lé e, kó lè dẹ díẹ̀ nínú ikán oko rẹ̀ fún àwọn òròmọdìyẹ.