Sátidé Tí Ọkọ̀ Ọmọ Mi Tẹ̀lé Mi Gun Òkè

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: irọ́ náà kò ti ẹnu mi jáde. Ẹlòmíràn ló pa á fún mi, èmi kàn dákẹ́ ni. Tí ẹ bá rò pé kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé kò tíì ṣẹlẹ̀ sí yín rí pé kí ẹ mí hẹlẹhẹlẹ dé orí òkè, kí ènìyàn méjìlá sì máa pàtẹ́wọ́ fún yín.

Télọ̀ ni mí. Mo ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ máṣínì nínú ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó ra èyí tó ń lo iná, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé ẹsẹ̀ mi kò lẹ́gbẹ́. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta, ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, ra kẹ̀kẹ́ fún mi. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ búlúù ni, ó ní jíà tó pọ̀, ó sì fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e. Ó ní kí n yéé jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú díẹ̀, àmọ́ mo gba kẹ̀kẹ́ náà.

Oṣù yẹn náà ni ẹgbẹ́ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé gbé aṣọ wá pé kí n rán ẹ̀wù fún àwọn. Káfíńtà ni olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bóyá nítorí ìṣó tó máa ń há sétè tó bá ń ṣiṣẹ́. Kápítéènì ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe ń wọn èjìká rẹ̀ ló rí kẹ̀kẹ́ mi lára ògiri.

"Bàbá Télọ̀, ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí?"

"Èmi ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀ ń gùn ún ni, àbí ẹ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́?"

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò mí láti òkè délẹ̀.

Gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà ló tẹ́jú, àfi ibi kan ṣoṣo. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa ń pè ní Ọ̀gá, torí kò sẹ́ni tó dé iwájú rẹ̀ tí kì í tẹrí ba. Wàá dojú bolẹ̀ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, imú rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà. Òkè náà máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní í ṣe nǹkan kan fún ọ. Ó wá yà sọ́wọ́ òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ńlá kan, ó ga fíofío, ó tún yà níbi táńkì omi kan kó tó dé ṣóńṣó. Ẹni tó bá wà láàárín àpáta àti táńkì, kò sẹ́ni tó lè rí i, ì báà jẹ́ láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fi gbogbo agbára mi wa pẹ́dà títí mo fi dé ẹ̀yìn àpáta. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí o, ẹsẹ̀ ló kọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bú òkè náà, mo bú Kápítéènì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ mi lọ. Nígbà tí mo dé ibi táńkì, mo rò ó pé kò yẹ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí rí mi bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti ọmọlanke. Mo gùn ún padà, mo wa ìwọ̀nba tó kù. Bí mo ṣe yọ sí wọn, òógùn bò mí, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, Kápítéènì sì lọgun pé, "Bàbá Télọ̀ ti gun Ọ̀gá! Ẹsẹ̀-Irin!" Ni gbogbo wọn bá ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ya mí ní fọ́tò. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, omi ni wọ́n dà sí i.

Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo máa ń gbẹ́yìn, kí wọ́n lè ti yà kọjá táńkì kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Kápítéènì rò pé mò ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wọn ni, ó tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó bá ń ráhùn. Ọmọ mi gba fọ́tò náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti máa ń sinmi, ó ń fi bàbá rẹ̀ yangàn fún àwọn dókítà. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan á pè mí: "Dádì, ẹ ti délé? Ṣé ẹ gun òkè yẹn?" Èmi náà á ní, "Mo gùn ún." Ó dáa, mo gbà. Ibẹ̀ yẹn ni irọ́ ti wá ti ẹnu mi jáde.

Ní oṣù tó kọjá, orí ń fọ́ mi lemọ́lemọ́, ìyàwó mi sì fi ìjà gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ya àwòrán ọkàn mi, wọ́n fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi torí òun ló gbọ́ èdè wọn. Ó pè mí, ó ní kí n má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ṣeré, pé tí òun bá wá, a máa sọ̀rọ̀. N kò bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ń bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè, ó fẹ́ gbọ́ ohun tí kò ní jẹ́ kó sùn.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kékeré wá. A jókòó, a ń mu tíì. Ló bá sọ ọ́.

"Dádì, mo fẹ́ tẹ̀ lé yín lọ lọ́la."

"Lọ síbo?"

"Òkè yẹn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Màá gbé omi sínú ọkọ̀, màá máa bá yín bọ̀ lẹ́yìn."

Kọ́ọ̀bù tí mo mú lọ sẹ́nu dúró sí ọ̀nà. "Iwájú ló yẹ kó o lọ dúró. Àwọn yòókù máa ń yára."

"Ṣé àwọn yòókù ni mo wá wò ni? Ẹ̀yin ni mo wá wò."

Ìyàwó mi ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni, nítorí ọmọ wálé. Ní tèmi, ìtìjú tó ń bọ̀ ni mò ń rí. Ọmọ tó ń fi mí yangàn láàárín àwọn dókítà ló fẹ́ wá rí mi bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jí ṣáájú gbogbo wọn, mo mú abẹ́rẹ́ tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti táyà kẹ̀kẹ́ mi.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì." Ìyàwó mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ gán bọ́tìnì."

"Sára táyà?"

Mo dá abẹ́rẹ́ padà síbi tí mo ti mú un.

Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Atẹ́gùn ń fẹ́, ṣéènì ń dún wìrìwìrì, mo sì ń gbàdúrà pé kí ọkọ̀ ọmọ mi kọṣẹ́. Kò kọṣẹ́. A dé ìdí Ọ̀gá, àwọn yòókù ṣíwájú bí ìṣe wọn, wọ́n yà lẹ́yìn àpáta, wọ́n kúrò lójú mi. Èmi náà dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti mọ àyè rẹ̀, ó ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì di ìtọ́kọ̀ mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, lónìí yìí, màá gun òkè yìí tàbí kó gùn mí.

Mo wa pẹ́dà. Mo fi gbogbo ara wà á. Mo kọjá ibi tí mo ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo kọjá igi kan tí n kò tíì fi kẹ̀kẹ́ kọjá rí, inú mi sì kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún, bí ìgbà tí ènìyàn fi téèpù wọn àyà mi tó wá ń fà á le. Etí mi ń hó. Mo rí táńkì náà lókè, ó sì dà bí ẹni pé ó ń sún sẹ́yìn. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju pé ó sàn kí n kú sórí kẹ̀kẹ́ yìí ju kí ọmọ yìí rí mi nílẹ̀ lọ. Àgbà bíi tèmi ló ń ro irú èyí.

Ọkọ̀ fun fèrè. Mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni. Ó tún fun ún, kò sì dáwọ́ dúró mọ́, mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé: "Dádì! Ẹ sọ̀! Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ṣubú sápá kan, èmi jókòó sórí koríko lápá kejì. Ó ti sáré dé ọ̀dọ̀ mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago rẹ̀.

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀."

Ó fún mi lómi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àyà mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun.

"Mi ò gùn ún rí," mo ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Òkè yìí. Mi ò gùn ún rí. Ẹ̀yìn àpáta yẹn ni mo ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá wá máa rìn. Tí mo bá dé ibi táńkì, màá gùn ún padà kí wọ́n lè rí mi."

Ó ṣì di ọwọ́ mi mú, àmọ́ kò wo aago mọ́. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Gbogbo Sátidé?"

"Gbogbo Sátidé. Lọ já fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri."

Ó jókòó tì mí nínú koríko tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má sunkún. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́." Nígbà tó gbé ojú sókè, ẹ̀rín ló ń rín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Dádì," ó ní. "Ẹ ṣeun tí ẹ parọ́ fún mi."

Mo rò pé ara òun náà kò yá ni.

"Ọkàn yín ti wú," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló fà á. Dókítà ní tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ gun irú òkè yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ò ní dé òkè. Èmi sì ni mo ra kẹ̀kẹ́ náà fún yín! Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́ títí màá fi gbọ́ ohùn yín."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin? Tí wọ́n bá ní kí ẹ má gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ṣebí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gùn ún. Mo fẹ́ fojú rí i, kí n wá gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lọ. Èmi àti Mọ́mì ti jọ sọ ọ́."

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ òótọ́ ló sọ. "Rírìn ńkọ́?" mo ní. "Ṣé n kò gbọdọ̀ rìn mọ́ ni?"

"Rírìn ni dókítà kọ síwèé! Ẹ máa rìn, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ níbi tó tẹ́jú, ẹ má sáà fi ipá ṣe é."

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń tijú, tí mò ń sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta, oògùn ni mò ń lò láìmọ̀. Ara tù mí lọ́nà tí kò tù mí rí láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ wáyà yẹn mọ́ mi láyà. Mo ní kí n dìde, kí n rin èyí tó kù bí ìṣe mi. Ó ní rárá, ẹni tí àyà fún ní àárọ̀ yìí, inú ọkọ̀ ló máa wọ̀, àwa méjèèjì la sì jọ máa lọ rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. A ti kẹ̀kẹ́ bọ ẹ̀yìn ọkọ̀, táyà rẹ̀ kan yọ síta.

Kápítéènì rí wa nígbà tí a yọ sókè, ó sáré wá. "Ẹsẹ̀-Irin, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé táyà ló jò?"

Ẹ wo bí àwáwí ṣe ń wá fúnra rẹ̀. Ọmọ mi ń wo ojú sánmà, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu mi.

"Táyà ò jò," mo ní. "Mi ò gun òkè yìí rí. Mo máa ń rìn ín ni."

Kápítéènì ṣí àṣíborí rẹ̀. "Láti oṣù mẹ́jọ?"

"Láti oṣù mẹ́jọ."

"Tí mo wá ń fi yín bú àwọn ọmọ yìí pé ọ̀lẹ ni wọ́n?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kápítéènì gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Ọmọ mi ti pe ilé. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọn ò gùn ún rí... Rárá, kì í ṣe òní nìkan. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa!"

Ariwo tí ìyàwó mi pa nínú fóònù, gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́ ọ. "Irọ́ ni? Olúwa, mo dúpẹ́ o! Gbé fóònù fún wọn. Bàbá Nọ́ọ̀sì, ṣé irọ́ lẹ pa lóòótọ́? Ẹ búra."

"Mo búra," mo ní. "Irọ́ ni mo pa."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí, n kò lè ka iye ìgbà tí mo ti búra fún un pé òótọ́ ni mo sọ, tó sì ní kí n lọ jókòó. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo búra fún un pé irọ́ ni mo pa, ó sì gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀.