Wáyà Bàbà Orí Òkè

Àpótí irin kan wà lórí òkè lẹ́bàá oko ìyá mi, láàárín ìlú Luwingu àti ilé ìwòsàn abúlé wa. Ohùn tẹlifóònù máa ń rẹ̀ lọ́nà. Ẹ̀rọ inú àpótí yẹn ló ń fún un lókun. Kò sí iná lórí òkè. Láti ìlú ni wọ́n ti ń fi agbára ránṣẹ́ sí i, nínú wáyà kan náà tó ń gbé ohùn. Kasuba, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Nsofwa, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ri wáyà bàbà kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, pé bí àrá bá bá wáyà tẹlifóònù wá, kó gba ibẹ̀ wọlẹ̀, kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Nsofwa ń rọbí, èmi ni mo tẹ̀lé e lọ sílé ìwòsàn.

“Mwila, wo bí òjò ṣe ṣú. Ọkọ mi á ti gbàgbé mi, àpótí rẹ̀ ló máa wà lọ́kàn rẹ̀.”

“Ṣé orogún rẹ ni?”

“Orogún mà ni! Ó ń ra gíríìsì fún un. Èmi ńkọ́, ìgbà wo ló ra ìpara fún mi gbẹ̀yìn?”

Láàárọ̀ yẹn kan náà, ìyá mi dé oko, ó rí i pé olè ti gé wáyà bàbà náà. Ibi tó ti ń wò ó ni Kasuba ti gun kẹ̀kẹ́ yọ nísàlẹ̀ òkè, ó ń lọ síbi iṣẹ́ lódìkejì odò. Ṣùgbọ́n a kò tíì se àsè tí a fi ń mú ọkọ ọmọ wọlé, ẹni tí a kò sì tíì mú wọlé kì í rójú ìyá ìyàwó rẹ̀, kì í gbóhùn rẹ̀. Ìyá mi yà sígbó, ó kẹ̀yìn sọ́nà. Kasuba rí etí aṣọ rẹ̀, ó sorí kọ́, ó kọjá. Ìyá mi ní bóun bá délé, òun á rán ẹnìkan sí i.

Àrá kò dúró de ìránṣẹ́.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ Nsofwa kò dá, nọ́ọ̀sì sáré gbé tẹlifóònù kó lè pe ọkọ̀ láti ìlú. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbá a. “Kò dún. Mwila, kò tilẹ̀ kùn.”

“Ọkọ mi á tún un ṣe,” ni Nsofwa wí jẹ́jẹ́. “Ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́.”

Òun àtọmọ inú rẹ̀ lọ kílẹ̀ tó ṣú.

Níbi ọ̀fọ̀, Kasuba jókòó láàárín àwọn ọkùnrin. Kò tíì padà sórí òkè. Ó ṣáà ń sọ pé, “Bóyá n kò so wáyà náà le. Bóyá n kò rì í jìn.”

Ìyá mi dìde láàárín àwọn obìnrin, ó kọrí sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ìyá Nsofwa! Ọkọ ọmọ yín nìyẹn o!” ni àwọn obìnrin ké.

Ìyá mi kàn ń lọ ni. Ó dúró níwájú rẹ̀.

“Kasuba, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Wọ́n gé e ni. Mo rí i, o sì ń kọjá lọ.”

Kasuba kò gbójú sókè. Ilẹ̀ ló ń wò, bó ṣe wò ó lójú ọ̀nà oko.