Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Wo Ìdákọ̀ró

"Màmá mi dà?"

Mio ló béèrè. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, omi ń kán tó tó tó láti irun rẹ̀. Kiyomi, tó ń bá àwọn àlejò yòókù bọ́ bàtà rọ́bà kúrò lẹ́sẹ̀, gbójú sókè. Ó wo iwájú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn. Ó wo ojú omi tó mọ́ gaara títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́ sára àpáta iyùn. Kò rí fìlà pupa Ìyá Hosaka, màmá Mio, níbi kankan.

"Ṣé wọn ò sí lọ́dọ̀ yín ni?"

"Lọ́dọ̀ mi báwo? Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè wọ́n!"

"Èmi? Mo pe ta?"

"Ẹ ní, 'Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìdákọ̀ró.' Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Màmá bá jọ̀wọ́ okùn tí wọ́n dì mú, wọ́n tẹ̀ lé yín. Mo rò pé ẹ fẹ́ fi nǹkan hàn wọ́n ni."

Òótọ́ ni, Kiyomi sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ erékùṣù Ishigaki ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ, wọn kì í wí pé "mò ń lọ." "Ẹ jẹ́ ká lọ" ni wọn yóò wí, wọn yóò sì dá nìkan bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Aládùúgbò lè sọ fún ọ pé, "Jẹ́ ká lọ sùn o," kó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ síta, kò sí ẹni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n Saitama, nítòsí Tokyo, ni Mio àti ìyá rẹ̀ ti wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká lọ" ti pè ọ́ nìyẹn. Kiyomi kúkú mọ̀. Ọjọ́ tó ti ń mú àlejò wọ omi ti pẹ́, ó sì máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lónìí, ọkàn rẹ̀ wà lára ìdákọ̀ró tó ń yẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Bàbá Zenkō, bàbá ọkọ rẹ̀ tó ni ọkọ̀, jáde láti ìdí ẹ́ńjìnnì. "O bojú wẹ̀yìn bí?"

"Rárá, Bàbá."

Bàbá wo omi. "Omi ti ń fà," ó wí jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn àpáta ńlá kan ni ìdákọ̀ró wà, nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹnu, níbi tí àpáta iyùn ti là sí méjì. Bí omi bá ń fà, ibẹ̀ ni gbogbo omi inú ń gbà jáde sínú alagbalúgbú òkun, kì í sì í béèrè ẹni tó bá gbé. Kiyomi mọ bí a ṣe ń fara mọ́ àpáta kọjá. Ìyá arúgbó tó jẹ́ pé òní ló kọ́kọ́ fi awò omi sójú kò lè mọ̀ ọ́n.

Bàbá fi rédíò ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi, ó sì ń darí ọkọ̀ lọ síbi Ẹnu díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ sáré! Kí ló dé tí ẹ̀ ń rìn bí ìgbín?"

"Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, ọmọ mi. Àpáta wà lábẹ́ wa. Bí ọkọ̀ bá ya, ta ni yóò gbé màmá rẹ?"

Mio jókòó gbì. "Èmi ni mo ṣètò gbogbo rẹ̀," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ tí ẹfọ̀n ń fà. Lẹ́yìn náà, iyanrìn tó rí bí ìràwọ̀. Lẹ́yìn náà, ìjàpá òkun. Gbogbo ibi tá a dé ni mo ń ní, 'Màmá, ẹ dúró síbí, ẹ bá mi mú báàgì, ẹ jẹ́ n ya fọ́tò.'" Lójijì ó yíjú sí Kiyomi, gbogbo ẹ̀yin-ẹ̀yin tó ti ń sọ bọ̀ sì pòórá. "Bí nǹkan bá ṣe màmá mi, mi ò ní gbà fún ẹ láéláé! Ṣé o gbọ́?"

Kiyomi bọ́ síwájú ọkọ̀, ó ń wo omi.

Wọ́n jáde sí gbangba òkun. Ìgbì níta ga, ó ń gbé ọkọ̀ sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó bá wọn wá ló kọ́kọ́ kígbe: nǹkan pupa lójú omi! Wọ́n sún mọ́ ọn. Fìlà lásán ni, kò sí orí nínú rẹ̀. Mio fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Kiyomi ń wò kọjá fìlà náà, ó ń gbàdúrà sí gbogbo ẹni tó lè gbọ́. Ìgbì kan wálẹ̀, ó sì rí ọwọ́ kan lókèèrè.

Kò dúró gbọ́ ohun tí Bàbá ń wí. Ó bẹ́ sómi.

Ìyá Hosaka fẹ̀yìn nà gbalaja lójú omi, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló gbé e dúró. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ó pọ omi, ó sì la ojú.

"Mo pè yín," ó wí. "Ẹ ò gbọ́. Mo ní bóyá èmi ni mò ń falẹ̀ jù."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ fara tì mí."

"Inú mi dùn ni, ṣẹ́ ẹ rí i. Látìgbà tí bàbá Mio ti kú, 'ẹ dúró síbí' ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi. Ẹ̀yin wá ní ẹ jẹ́ ká lọ."

Kiyomi dì í mú, ó ń wẹ̀. Èébú Mio kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ yìí. Ojú tì í débi pé, ká ní òkun ṣeé sá wọ̀ lọ́jọ́ náà, ì bá sá wọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n fi ń sún mọ́ èbúté, Bàbá Zenkō fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fẹnu mọ́ ẹnu. Ìyá náà ṣìnà ni. Bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ, kí la fẹ́ jẹ? Àbí ọkọ̀ yìí la máa sè?"

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kan ti ń dúró dè wọ́n. Kó tó béèrè ohunkóhun tán, Ìyá Hosaka, tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé, ti ń gbọ̀n fèsì.

"Èmi ni mo ṣìnà, ọ̀gá. Ẹ má bá wọn wí."

Mio wo ìyá rẹ̀, ó wo Kiyomi.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" ọ̀gá bi Kiyomi. Ọmọ Ishigaki lòun náà. Bí Kiyomi bá wí fún un pé, "Mo kàn ní ẹ jẹ́ ká lọ ni," yóò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Bàbá Zenkō wú ikọ́.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," Kiyomi wí. "Èmi ni mo pè wọ́n. Wọ́n ń tẹ̀ lé mi bọ̀, mi ò sì bojú wẹ̀yìn."

Bàbá gbé ojú sí òkun. Ọ̀gá náà ní kó tún un sọ, bóyá òun ṣì í gbọ́.

Kiyomi tún un sọ.