Ilé Omi, Onílé Ò Sí

…mẹ́wàá ni mo sọ. Ìdúró ènìyàn mẹ́wàá péré, omi á dé. Mo nàka sílẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, mo ní ibí yìí ni, ẹ lọ fọ korobá yín sílẹ̀. Èmi Bàbá Olómi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ẹni tó kàn yá dígà lọ́wọ́ aládùúgbò. Mẹ́tàlá rèé. Mẹ́tàlá lónìí, iyẹ̀pẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi sì gbẹ débi pé eruku rẹ̀ ń mú mi sín. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ènìyàn ń sín nísàlẹ̀ kànga?

Mo gbójú sókè. Ojú ọ̀run ò ju ìdérí ìkòkò lọ láti ibí. Sùúrù wà ní etí ihò lọ́hùn-ún, ó di okùn mú. Àbúrò ìyàwó mi ni, Sùúrù la sì ń pè é torí pé kò ní i rárá. Bí ihò bá ti jìn tó báyìí, ohùn kì í dé òkè dáadáa, okùn la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan: garawa ti kún, gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹta: omi ti dé, ẹ pe onílé. Ẹ̀ẹ̀mejì… ẹ̀ẹ̀mejì ni pé kò sí omi, ẹ fà mí sókè, iṣẹ́ ti tán. Bí ebi bá ń pa mí, ihò ẹsẹ̀ tí mo gbẹ́ sára ògiri ni mo ń gùn jáde. Mi ò fa okùn lẹ́ẹ̀mejì rí láyé mi.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kànga mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Kí ẹni tó bá ní jù bẹ́ẹ̀ lọ bọ́ síta. Bàtà ni mo kọ́kọ́ ń bọ́ tí mo bá dé orí ilẹ̀, màá rìn ín lọ, màá rìn ín bọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á sọ fún mi. Oníwèé kan wá nígbà kan pẹ̀lú irin gígùn àti àpótí tó ń dún píì-píì. Ó gún ilẹ̀ títí, ó ní kò sí omi níbẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Mo ní ó wà. Títí di òní ni wọ́n ń pọn ín, oníwèé náà fúnra rẹ̀ bù ú mu. Ife àkọ́kọ́ sì rèé, ife tánńganran tí mo so mọ́ ìbàdí. Èmi ni mo máa ń fi í mu omi kànga tuntun ṣáájú onílé àti ará ilé, kí wọ́n lè rí i pé mi ò bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Ó ti di ọjọ́ kẹtàlélógún tí ife yìí ti ń lu mí ní egungun ìbàdí lásán.

"Bàbá, obìnrin mẹ́ta ló bímọ lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Omi kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo la fi wẹ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo. Mo ní ọ̀la ni, ọmọ mi. Ọ̀la. Ó ń lọ sí ìgbà márùn-ún tí mo ti ní ọ̀la.

Mo tún sọ dígà mọ́lẹ̀. Kò! Òkúta. Abẹ́ òkúta náà, òkúta míì. Omi kì í gbé nínú irú ilẹ̀ yìí, èmi mọ̀, ọmọdé iṣẹ́ yìí mọ̀. Kí ni mo wá ń gbẹ́? Mo ti kọjá ibi tí ó yẹ kí omi wà. Mo kọjá rẹ̀ ní ọjọ́ méje sẹ́yìn, mo sì rí… Rárá. Mi ò rí nǹkan kan. Gbẹ́ ilẹ̀ ẹ, bàbá, gbẹ́ ilẹ̀ ẹ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà tó fẹ̀yìntì nígbà tí kànga tirẹ̀ gbẹ. Rárá, irọ́ ni, mi ò sọ pé ó gbẹ. Mo ní iyẹ̀pẹ̀ ló wó sínú ẹ̀ tó dí i, mo ní kó má dààmú ara ẹ̀. Mo wá ní ìdájí, mo gbẹ́ ìdúró ènìyàn kan kún un, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀, omi sì dé. Ó ń dúpẹ́, ó ń wúre. Lẹ́yìn náà ti awẹ́lídà tó ń jó irin. Lẹ́yìn náà ti ìyá àna mi. "Iyẹ̀pẹ̀ ló wó sí i." Iyẹ̀pẹ̀ wo ni ó ń wó káàkiri ìlú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́? Kànga méje láàárín ọdún méjì. Méje! Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń tọ́jú wọn ní kọ̀rọ̀, torí Bàbá Olómi ni mí, kànga mi kì í gbẹ. Mi ò jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ nípa ẹnì kejì. Tíṣà rò pé òun nìkan ni. Awẹ́lídà náà rò bẹ́ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí èmi fúnra mi kà wọ́n pọ̀, òní nìyí tí mo kọ́kọ́ pe méje lẹ́nu.

Ìjà ló kàn mí nísàlẹ̀ ibí, mi ò rẹ́ni bá jà.

Ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n ronú nípa ọmọ mi, ìyẹn dùn mọ́ mi. Ẹnjiníà ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń ṣọ́ ní ilé iṣẹ́ awakùsà. Kí ló dé? Ta ni ọmọ tiẹ̀ ń wọ bàtà onírin lọ síbi iṣẹ́? Òun ló fi páànù tuntun kan ilé wa. Mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé omi ni baba, omi ni ọmọ, iṣẹ́ kan náà la ń ṣe. Ó sì fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tó wálé kẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá mi, ihò tiwa ti jìn ju kànga yín lọ o. Kò sí bí ẹ ṣe lè bá wa du ú. Bí a bá pa ẹ̀rọ yẹn fún ọjọ́ méjì péré, omi á bo gbogbo ihò náà, àwọn awakùsà á máa lúwẹ̀ẹ́ ni." Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Mo ní iṣẹ́ ńlá ni ọmọ mi ń ṣe. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ yẹn ń…

Dúró ná.

Tọ̀sán-tòru. Níbo ni omi náà ti ń wá?

Háà.

Mo fi dígà ti ara ògiri. Mo gbójú sókè, kì í ṣe sí ọ̀run, sí ara ògiri níbi ìdúró ènìyàn mẹ́wàá. Ó wà níbẹ̀. Mo ti rí i ní ọjọ́ méje sẹ́yìn, mo kọjá lára rẹ̀ bí onígbèsè tó kọjá lára olówó ẹ̀. Yanrìn funfun, tó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi omi ṣàn án, tó nípọn tó apá mi. Ìlà pupa kan wà lókè rẹ̀, irú èyí tí omi máa ń fi sílẹ̀ síbi tó bá ti pẹ́. Ilé omi ni. Ibi tí mo ní ó wà gan-an ló wà, mi ò fi ìka kan ṣì í! Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ò purọ́. Mo kan ilẹ̀kùn ilé tó yẹ, mo wọlé, mo bá ẹní nílẹ̀, onílé ni ò sí.

Wọ́n ti fà á lọ. Wọ́n ń dà á sódò lójoojúmọ́, ọmọ mi ló sì ń ṣọ́ ẹ̀rọ.

Kí n máa gégùn-ún fún ọmọ? Ọmọ ọlọ́mọ ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Ta ló sọ fún wọn pé kò sí ewu? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà ìpàdé ìlú, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ awakùsà jókòó sí gbọ̀ngàn ilé ìwé pẹ̀lú ìwé lórí itan, ó béèrè pé, "Ṣé omi kànga yín ń lọ sílẹ̀ látìgbà tí a ti dé?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo dìde. Mo tún agbádá mi ṣe. Mo ní, kò sí kànga kan tí ọwọ́ mi gbẹ́ tó gbẹ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kànga mẹ́rin ni mo ti gbẹ́ jìn sí i nígbà yẹn!

Ìyá Onítòmátì nìkan ló dìde. "Kànga inú oko mi ti ń lọ sílẹ̀ o, Bàbá Olómi. Okùn mi ò kan omi mọ́." Èmi, èmi yìí, mo ní, "Ìyá, okùn yín ló kúrú." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó fi etí aṣọ nu ojú. Àwọn ebè tòmátì rẹ̀ ti di pápá báyìí, òkúta ló ń fọ́ lẹ́bàá ibi ìwakùsà, ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ṣì ń kí mi bí a bá pàdé. Mo máa ń rò pé ọ̀wọ̀ ni.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá orúkọ mi ni mo ń pa, ẹ̀tẹ̀ ń jẹ ìlú.

Ó dáa. Ó dáa náà. Ẹnu tó sọ tàná kò tíì kú. Bí wọ́n bá pe ẹlòmíì láti wí pé omi ti lọ, wọn á ní okùn ẹ̀ ló kúrú. Èmi ńkọ́? Ta ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Olómi? Màá pe tíṣà, màá pe awẹ́lídà, màá dúró láàárín wọn nínú gbọ̀ngàn yẹn, màá ka kànga méjèèje ní orúkọ-orúkọ, tèmi ni gbogbo wọn. Kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀. Mo ga tó o. Ọmọ mi lè bínú. Ó lè pàdánù bàtà onírin yẹn. Ọkàn mi bàjẹ́ síbẹ̀, n ò ní parọ́… Ṣùgbọ́n ọmọ Bàbá Olómi ni, kó wá dúró tì mí.

Mo tú ife kúrò ní ìbàdí, mo dì í mú. Bí wọ́n bá ń fà mí kọjá mẹ́wàá, màá fi í bu yanrìn funfun yẹn kún dẹ́múdẹ́mú. Màá gbé e jáde lójú nọ́ọ̀sì, lójú gbogbo wọn. Ife àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo so okùn mọ́ra. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Sùúrù á rò pé iyẹ̀pẹ̀ ni.

Mo tún fà á.

Okùn náà dúró. Kò mì. Sùúrù tí kò ní sùúrù ń dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta, mo mọ̀ ọ́n, ó ti ya ẹnu sílẹ̀ láti pe onílé.

Mo yọ ọwọ́ kúrò lára okùn. Okùn yín ò kúrú, ìyá.