Ìtọ̀ Ọ̀sán

"Níbo lo ti kó o?"

Bíríkìlà kò wo ojú ìyàwó rẹ̀ nígbà tó bèèrè. Ó ń fi etí ṣíbí ìrẹ́lé ha sìmẹ́ńtì gbígbẹ kúrò lára bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì mú ní igun méjì bí ẹni tó fẹ́ sá a sóòrùn. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kan wà láàárín aṣọ náà, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù.

Aránṣọ, ìyàwó rẹ̀, wolẹ̀.

"Mo ti lo oògùn nítorí rẹ," ọkọ rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo tún un lò. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ títí ìdí mi fi dà bí asẹ́. Mi ò sì mọ obìnrin kankan níta, Ọlọ́run rí mi. Ó dáa. Lónìí, èmi fúnra mi ni n ó bá ọ lọ, kí n fi etí ara mi gbọ́. Bí dókítà bá tún ní àrùn ìbálòpọ̀ ni, kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa bọ̀ wá mú ọ nírọ̀lẹ́."

"Mo ti pè é," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ká aṣọ náà, ó fara balẹ̀ ká a, kí ojú àbàwọ́n lè wà lókè. "Ìyàwó, kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ o. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Aránṣọ wí, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn fi ń fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ́ kí àwọn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọkọ rẹ̀ kọ̀. Wọ́n fẹ́ da kọnkéré òkè ilé kan láàárọ̀ yẹn, bí òun kò bá sí níbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ á dà á wọ́gọwọ̀gọ.

"Ọ̀sán la máa lọ."

"Ọ̀sán kẹ̀?"

"Ọ̀sán. Ṣé oòrùn máa ń jẹ èèyàn ni?"

Ó máa ń jẹ òun. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì dé ilé ìwòsàn rí lójú oòrùn. Nígbà tí àwọn agbálẹ̀ bá ṣì ń gbá ojú títì ni yóò ti jáde, ìborùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú. Yóò ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀ títí yóò fi máa ta á, kí nọ́ọ̀sì má baà yínmú. Òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó lórí bẹ́ńṣì, yóò fi ìtọ̀ sílẹ̀, yóò gba oògùn, yóò sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé. Wọ́n ní a kì í fi ìtìjú kárùn. Òun kò fi kárùn, ó kàn ń fi wá oògùn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán etí ọrùn búláòsì kan tí kò lọ́rùn tó jọ ọrùn mọ́. Ó tú u, ó tún un rán. Oníbàárà kan, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé síkẹ́ẹ̀tì Aránṣọ tó kọ́ sára ògiri, ó yí i padà.

"Ẹ̀ẹ̀hẹn! Aṣọ inú méjì ni ìwọ rán sí tìẹ, dúdú kìjikìji. Tèmi, ẹyọ kan, fẹ́lẹ́. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn?"

"Àṣà tuntun ni," Aránṣọ fèsì. Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ inú kejì ni ohun tó ń fà á tí kò fi tíì tẹ́ lójú títì.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, oòrùn ti dúró sójú kan lókè orí. Ó ń lọ níwájú pẹ̀lú eruku sìmẹ́ńtì ní ìpéǹpéjú, Aránṣọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò sí òjìji kankan tí èèyàn lè bọ́ sí. Fọgánáísà tó wà ní oríta gbójú sókè láti ibi táyà tó ń tú.

"Bíríkìlà! Ìwọ àti ìyàwó, lọ́sàn-án gangan! Ṣé ká ti máa múra ìsọmọlórúkọ ni?"

"À ń retí o," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dénú.

Ilé ìwòsàn kún. Aránṣọ wo àwọn obìnrin tó tò sórí bẹ́ńṣì, ọ̀kan ń tẹ fóònù, ọ̀kan ń sùn, ọ̀kan ń dirun ọmọ rẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì yọjú, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń pe èrò ọkọ̀: "Ta ló wá nítorí ojú ara?"

Ọwọ́ tí Aránṣọ nà sókè kò ga ju etí rẹ̀ lọ.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń tẹ bíírò ọwọ́ rẹ̀ kò-kò-kò. "Àǹtí, wọ́n ti fún yín ní gbogbo oògùn tó wà nínú àpótí wa," ó wí. "Kò sì lọ. Ó jọ pé oògùn ni kò mọ ẹni tó ń wá."

"Dókítà, ìbéèrè kan ni mo ní," ni Bíríkìlà wí. "Níbo ni obìnrin ti ń kó irú—"

"Ẹ kọ́kọ́ bá wa dúró níta, sà."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Aránṣọ dùbúlẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ àjà ilé. Dókítà mú iná sún mọ́ ọn. Ó wò ó fínnífínní.

"Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún un wò." Lẹ́yìn náà, ó ní: "Nǹkan kan wà níbí bí iyanrìn. Iyanrìn tó pọ́n rúsúrúsú."

Ìtìjú gun Aránṣọ láti ẹsẹ̀ dé ọrùn. "Mo wẹ̀ o, dókítà. Mo fọ ara mi dáadáa kí n tó jáde nílé."

"Mo mọ̀ pé ẹ wẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Abẹ́ awọ ló wà, ọṣẹ kankan kò lè fọ̀ ọ́." Ó gbé ife ike kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ bá mi tọ̀ sínú eléyìí. Ẹ tọ̀ ọ́ dé òpin, ẹ má fi ìkán kankan sílẹ̀."

Ilé ìtọ̀ ilé ìwòsàn náà ní fèrèsé tó ṣí sí oòrùn. Ní kùtù, òkùnkùn ló máa ń wà níbẹ̀, kì í rí ohun tó ń tọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó rí i. Ó mọ́ gaara níbẹ̀rẹ̀; ìkán ìgbẹ̀yìn pọ́n. Ó rí i bó ṣe ń tàn káàkiri inú ife. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ omi: bó bá da èyí nù, tó bu omi díẹ̀ sí ìwọ̀nba tó bá kù lára rẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ mìíràn kọ́ ló tún yẹ kí òun gbé jáde síwájú ọkọ lónìí. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ó fi etí ìborùn bo ẹnu ife, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Dókítà kò fi rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wọ yàrá àyẹ̀wò, nígbà tó sì padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

"Ẹ pe ọkọ yín wọlé. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá wo nǹkan."

Ní yàrá àyẹ̀wò, Aránṣọ fi ojú kan sí ẹnu ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun wẹ́wẹ́ di ńlá. Nǹkan kan wà láàárín ìmọ́lẹ̀, ó rí gbọọrọ bí hóró ìrẹsì, ṣóńṣó kan sì yọ ní ìdí rẹ̀.

"Ó ní abẹ́rẹ́ nídìí," ó wí.

"Ẹ ò rí i! Ẹyin aràn ni. Inú odò ni èèyàn ti ń kó o. Ẹni tó bá ní i lára á tọ̀ sómi, ẹyin á pa, á wọ inú ìgbín omi wẹ́wẹ́, ohun tó bá sì jáde lára ìgbín yẹn á gún awọ ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi náà. Kò kan ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì rárá. Ó lè ti wà lára yín láti kékeré." Ó kọjú sí Aránṣọ. "Ìgbà wo lẹ máa ń wá tẹ́lẹ̀?"

"Kùtù hàì."

"Kí ló dé?"

Aránṣọ wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Kí èèyàn má baà rí mi."

"Ọ̀sán ni ẹyin yìí máa ń jáde jù," ni dókítà wí, jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí. "Ní kùtù, wọ́n lè wá a títí kí wọ́n má rí i."

Aránṣọ ló ń rò ó lọ fúnra rẹ̀: ìborùn, omi gbígbóná, òkùnkùn ilé ìtọ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń sá fún ojú èèyàn, àìsàn náà ló ń fi pamọ́.

Dókítà ní oògùn wà tí yóò pa aràn náà. Ojú ọgbẹ́, àwọn á máa wò ó. "Nípa ti ọmọ, mi ò ní í purọ́ fún yín. Mi ò tíì mọ̀."

Bíríkìlà ti mú fóònù jáde. "Màmá! Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Aràn ni! Mo ní aràn! Aràn odò!" Ó fi fóònù sápò, ó mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ tú ká fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù púpọ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká ìyàwó rẹ̀. "Ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́."

"Ẹ ṣé," ni Aránṣọ wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni wọ́n dárí rẹ̀ jì í.

Dókítà na ife ike mìíràn. "Ẹ̀yin náà, sà."

"Èmi kẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, èyí tó mú kí nọ́ọ̀sì yọjú. "Ṣé nítorí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀? Áà, dókítà! Tèmi ti parí láti kékeré. Lábúlé wa, kò sọ́mọkùnrin tí kò tọ̀ ọ́. Bí tìẹ ò bá tíì pọ́n, ọmọdé ṣì ni ọ́, a ò ní í bá ọ ṣeré. Bàbá mi ní mo ti ń dọkùnrin. Orí àpáta la máa ń tò sí, lókè odò, gbogbo wa á jọ tọ̀ ọ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà, ká mọ ẹni tí tiẹ̀ pọ́n jù. Ọ̀gá Pupa ni wọ́n ń pè mí! Àwọn ọmọbìnrin á wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, omi á mù wọ́n dé itan, wọ́n á máa gbé wa ṣépè, àwa á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ bi ìyàwó mi, abúlé kan náà la ti wá, òun náà máa ń wà nísà—"

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìyàwó rẹ̀.

Fáànù òkè àjà ń yí. Ife ike náà ṣì wà lọ́wọ́ dókítà tó nà. Nọ́ọ̀sì wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú èkejì, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Aránṣọ rántí odò náà, bó ṣe máa ń rọ̀ wẹ̀sì tó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ níbi tí òun máa ń dúró sí, àti bí òun ṣe máa ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n má baà ní ọmọbìnrin yìí ń wo ọkùnrin.

Ó gbójú sókè. Ọkọ rẹ̀ ló ń wolẹ̀.