Òkun Àná

Ní iléeṣẹ́ wọn ní Semarang, láràárọ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń dúró yí ọ̀gá wọn, Mas Rendra, ká. Á béèrè bóyá iṣẹ́ ti yá, kálukú á sì dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Siap, Mas." Ìyẹn ni pé, ó ti yá, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni fún un lésì mìíràn. Ọ̀gá yìí fẹ́ràn ẹ̀rín, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìwúrí tí wọ́n kọ sára ògiri, ṣùgbọ́n òkun tí áàpù rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú fọ́tò ló ti mọ̀ ọ́n.

Áàpù ọ̀hún ló ń sọ fún àwọn apẹja bí ìgbì ṣe máa rí. Wening ló ń yẹ iṣẹ́ wọn wò kó tó jáde. Lọ́jọ́ Ajé, òun àti Yudi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, ìgbì àná ni áàpù ń gbé jáde, á sì kọ ọjọ́ òní sí i lórí. Wening mú un tọ ọ̀gá lọ.

"Ìwọ náà ṣá, Wening. Àwọn olówó tó fẹ́ fowó sí iṣẹ́ wa ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. A óò tún un ṣe tó bá yá. Má bà wá lọ́kàn jẹ́."

"Siap, Mas." Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ló bá pe Tarno, bàbá rẹ̀, lábúlé. Apẹja ni.

"Bàbá, ẹ má tẹ̀ lé áàpù yẹn lọ sókun o. Ó máa ń parọ́ nígbà mìíràn."

"Èmi ti gbọ́. Lik Kasmin tá a jọ ń pẹja ńkọ́? Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo gbé áàpù yẹn kiri láti ilé dé ilé, tí mo ń sọ pé ọmọ mi ló ṣe é."

Ìtìjú bo Wening, ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó kàn án, ó ní, "Kò tíì yá, Mas. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè kú sómi."

Yudi ń wo bàtà ara rẹ̀. Mas Rendra rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé ibi tí Wening dúró sí ṣófo.

"Yudi?"

"Siap, Mas." Agbára káká la fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e.

Wening gbé báàgì rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sábúlé. Ẹnu ọ̀nà Lik Kasmin ló kọ́kọ́ yà sí.

"Ọmọ Tarno, ìwọ rèé," ni Kasmin wí, inú rẹ̀ dùn. "Áàpù ẹ ní òkun á dákẹ́ rọ́rọ́ lónìí. A ti ń kó yìnyín sọ́kọ̀."

Wening wo fóònù náà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí rẹ̀ rárá.

"Òkun àná lẹ ń wò yẹn, Lik."

"O mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

Kasmin ké sáwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n kó yìnyín kúrò lọ́kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé tíì bọ̀ fún àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kó gbé e wá àbí kó dá a padà.

Wening kò dúró dè é. Ilé mọ́kànlá tí bàbá rẹ̀ gbé áàpù dé ló ṣì kù.